Oríkì kọ́ ni wọ́n ní kí o kọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Sàbẹ́ ni mí, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kàwé, mo sì ń kọ mémoire mi, ìwé àṣekágbá, lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n mú ẹnìkan tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: bó ṣe ń darí àyípadà, bó ṣe ń ṣe ìpinnu, bó ṣe ń dúnàádúrà. Tàǹtí mi ni mo mú, àbúrò ìyá mi. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n ń tà á tòun tèèpo fún àwọn àjèjì. Nígbà tó yá, wọ́n dá ibi ìfọ́kajú sílẹ̀. Obìnrin bí ogójì ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bí ìdajì wọn ti lọ báyìí, àmọ́ iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti fọ̀rọ̀ wá tàǹtí lẹ́nu wò. Mo kọ ojú ewé 22, olùkọ́ mi dá a padà, ó ní oríkì ni mo kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, olùkọ́ rẹ kò bú ọ. Mo ka ojú ewé 22 tí o fi ránṣẹ́, ohun mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀. Ní àkọ́kọ́, o pe tàǹtí ní aríran. Ní ìkejì, o ní akíkanjú ni wọ́n, ẹni tí kì í gbà fún oníbàárà. Ní ìkẹta, o kọ ọ́ pé "gbogbo ìpinnu wọn ló bọ́ sójú ẹ̀". Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí ni ẹlòmíràn fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀? Ẹni tí kò ṣìṣe rí kò ṣe é kọ́gbọ́n lára, àfi ká máa kí i.

Oríkì ní iṣẹ́ tirẹ̀, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ó ń sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́, ó ń mú orí ẹni wú. Ohun tí wọ́n gbé fún ọ láti ṣe kéré ju ìyẹn lọ, ó sì le jù ú lọ: kí ni obìnrin yìí ṣe ní ọjọ́ báyìí, pẹ̀lú ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ náà àti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan. Bí o bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, o ti ní mémoire. Ojú ewé 22 tó kún fún "akíkanjú" kò ní ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ nínú.

Mo mọ̀ torí pé mo ti jìn sí kòtò yẹn rí. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, iléeṣẹ́ ọṣẹ kan ní Àjàṣẹ́ níbí ní kí n wá wo bí ọ̀gá tó dá a sílẹ̀ ṣe ń darí rẹ̀. Ọ̀gá náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe jókòó ti ẹni tó ń ta epo pupa fún wọn, tí wọ́n bá a sọ ọ́ títí tó fi gbà láti máa gba owó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan dípò ojú ẹsẹ̀. Mo fi odindi orí kan kọ nípa ọgbọ́n ìdúnàádúrà ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí mo kà á sétí àwọn òṣìṣẹ́, awakọ̀ wọn, bàbá àgbàlagbà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀lé e síta. Ó ní, "Ìyàwó ọ̀gá ni mo gbé lọ sílé elépo lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìyá elépo àti ìyá ìyàwó ọ̀gá jọ ń dá àjọ ni. Ìgbà tí ọ̀gá fi débẹ̀ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n kàn mu omi ni."

Ọ̀gá ò parọ́ fún mi o. Lójú wọn, àwọn ló dúnàádúrà náà. Èmi ni mo gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àwọn àgbà sì ti sọ irú ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí o bá tàǹtí sọ̀rọ̀ ti tó, ó tilẹ̀ ti pọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lo bá ẹni tó ń kọ ìwé owó wọn sọ̀rọ̀? Awakọ̀ ńkọ́? Àgbẹ̀ tó ti ń tà fún wọn kí wọ́n tó ní ẹ̀rọ kankan ńkọ́? Ogún obìnrin tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ìlà kan péré ni o fi sọ̀rọ̀ wọn nínú ìbéèrè rẹ, o sì ti kọjá lọ. Màá padà sórí àwọn yẹn.

Bí o bá jókòó ti ènìyàn, má bi í ní ìbéèrè tó máa jẹ́ kó wàásù. "Tàǹtí, báwo lẹ ṣe ń ṣe ìpinnu?" Ìwàásù ni wàá gbà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Flanagan, tó bá àwọn ológun òfurufú ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kọ ọ̀nà kan sílẹ̀ ní 1954 tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń lò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó, á sọ ohun tó fà á, ohun tí òun ṣe gan-an, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bi tàǹtí pé: ọjọ́ tí ẹ san àsansílẹ̀ owó ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Ibo ni owó náà ti wá? Kí lẹ ń jẹ ẹ̀rù rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ìbéèrè tó sì dùn jù lẹ́nu mi ni èyí: ta ló ní kí ẹ má ṣe é? Gbogbo ẹni tó bá dá nǹkan sílẹ̀ ló rántí ẹni tó ní kí wọ́n má ṣe é, wọ́n sì máa ń dárúkọ rẹ̀ tìbínú tìbínú. Dá a lóhùn pé o ti gbọ́, kí o wá lọ kí ẹni náà nílé. Òun ló máa sọ ohun tí wọ́n ò bá sọ fún ọ.

Orí ìpinnu ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ ti yọ̀ jù. O wo iléeṣẹ́ tó ń lọ lónìí, o wá padà sẹ́yìn kọ ọ́ pé ìpinnu tó bí i dára. Ìyẹn ò tọ̀nà. Jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa lápá ibí fojú rí ṣàlàyé.

Oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè. Ìwọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà, o lè má rántí bí ojú ọ̀nà Ìgòlò ṣe dá. Obìnrin méjì ni mo mọ̀ ní Àjàṣẹ́ tó ń ṣe òróró ẹ̀pà àti kúlíkúlí, tí wọ́n ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọjá sọ́hùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn kò dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti kó gbogbo ọjà rẹ̀ lọ sí Kútọnù, ó tà á ládàánù. Èkejì gba ilé ìkẹ́rù sí i, ó tò ó sínú rẹ̀, ó ní òun á dúró. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnubodè. Oṣù mẹ́rìndínlógún! Ìwọ náà mọ ohun tí kúlíkúlí ń dà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin péré.

Bí o bá bi ará ọjà, wọ́n á ní ìyá àkọ́kọ́ gbọ́n, èkejì lágídí. Èmi náà fẹ́ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, títí mo fi bá àwọn méjèèjì jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó dúró rántí oṣù kẹjọ ọdún 2003. Nàìjíríà ti ẹnubodè kan náà nígbà yẹn nítorí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jí mọ́tò, àárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sì ṣí i padà. Ó ní, "Wọ́n ti ṣe é rí, kò pẹ́." Ẹni tó tà ju èkejì lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọdébìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé igbá ni ní 1984, nígbà tí ìjọba ológun Nàìjíríà ti ẹnubodè, tí kò sì ṣí títí di 1986. Ó ní ìyá òun ta aṣọ òkè rẹ̀ ká tó jẹun lọ́dún náà. Ta sì ni olórí ìjọba Nàìjíríà lọ́dún 1984? Muhammadu Buhari. Ta ni ààrẹ lọ́dún 2019? Òun náà ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá.

Ṣé o rí i pé àwọn méjèèjì ló ronú? Ìrántí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú gbé jáde. Ká ní ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi tì í, à bá máa kí ẹni tó dúró, à bá máa fi ẹni tó tà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì, Jonathan Baron àti John Hershey, dán irú nǹkan yìí wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1988. Wọ́n ròyìn ìpinnu oníṣègùn kan náà fún àwọn ènìyàn, wọ́n kàn yí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ padà ni: níbì kan aláìsàn yè, níbòmíràn ó kú. Bí aláìsàn bá yè, wọ́n á ní ìpinnu náà dára. Bó bá kú, wọ́n á ní kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ìpinnu kan náà gan-an o.

Síbẹ̀, mi ò ní kí o má dájọ́. Èmi dájọ́ lórí àwọn obìnrin méjèèjì, mo sì ṣì gbà pé ẹni tó tà ló ṣe dáadáa jù, ṣùgbọ́n ìdí mi yàtọ̀ sí ti ará ọjà. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì í, tí ẹnubodè ṣí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èrè oṣù kan ló máa pàdánù. Ẹni tó dúró, bó bá ṣì í, gbogbo owó ìdókòwò rẹ̀ ló máa lọ, owó ọ̀hún sì jẹ́ èyí tó yá. Mi ò nílò oṣù kejìlá ọdún 2020 kí n tó sọ èyí. Mo lè ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Irú ìdájọ́ tí mo fẹ́ kí o kọ sórí tàǹtí rẹ nìyẹn: èyí tí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lè dá.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti wò lára olùdásílẹ̀. Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀ kọ ọ́ sí àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ rẹ̀ nígbà kan pé ìpinnu kan dà bí ìlẹ̀kùn tí ènìyàn lè gbà wọlé kó tún gbà á jáde, òmíràn dà bí èyí tó jẹ́ pé bí o bá ti kọjá, ó di kí o máa lọ. Àwa ọmọ Kétu tó dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ò nílò kí ará Amẹ́ríkà sọ fún wa pé ìlẹ̀kùn ju ìlẹ̀kùn lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wúlò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se kajú lóoru, bí tàǹtí bá rà á tán, ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún ní Sàbẹ́? Ìlẹ̀kùn àìpadà nìyẹn. Pé kí wọ́n máa sanwó fún àwọn obìnrin lórí kílò dípò owó ojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì tó láti fi dán an wò kí wọ́n sì yí i padà. Wo iye ọjọ́ tí wọ́n lò lórí èkínní àti iye ọjọ́ tí wọ́n lò lórí èkejì. Mo ti rí ọ̀gá tó ra mọ́tò ńlá láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, tó wá fi oṣù mẹ́ta ronú lórí àwọ̀ tí wọ́n máa fi kun géètì.

Ní ti àyípadà, olùkọ́ rẹ á fẹ́ rí orúkọ àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé lórí rẹ̀: Kurt Lewin, àti John Kotter pẹ̀lú ìgbésẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀. Kọ wọ́n sí i, fún un ní ojú ewé méjì, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o wá lọ síbi tí iṣẹ́ wà.

Àkọ́kọ́, déètì. O kọ ọ́ pé tàǹtí ríran jìnnà, wọ́n kúrò nídìí kajú àìfọ́ kí òfin tó dé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde, kí ó lè di pé ilé la ti ń fọ́ ọ, ní àgbègbè iléeṣẹ́ Glo-Djigbé àti níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ìkéde òfin náà ti jáde tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Nítorí náà, wá ìwé ẹ̀rí owó ẹ̀rọ. Bí àsansílẹ̀ bá ti wà ṣáájú ìkéde, a lè jọ sọ̀rọ̀ ìríran. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìkéde ni, wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n sì yára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ òjò lórí páànù tó sáré kó aṣọ wọlé kì í ṣe babaláwo.

Èkejì, àwọn tó lọ. Mo bẹ̀ ọ́, lọ bá wọn. Wo ọwọ́ wọn kí o tó béèrè ohunkóhun. Omi tó wà nínú èèpo kajú máa ń jó ara. Obìnrin tó ń fọ́ kajú á fi òróró tàbí eérú pa ọwọ́, síbẹ̀ àwọ̀ ìka á dúdú, á bó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ò lè fi po ìyẹ̀fun láìronú ohun tí oníbàárà máa sọ. Bóyá ìyẹn ni wọ́n ṣe lọ. Bóyá ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lọ, torí oko ń pè. Bóyá owó kílò ni kò tó. Tàǹtí á sọ fún ọ pé "wọn ò fẹ́ràn iṣẹ́", ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọ̀gá ń sọ nìyẹn. Òwò tí wọ́n ti ń ṣe látilẹ̀wá, ọjọ́ kan ló ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí: o dé, o ra, o san, ó tán. Ibi ìfọ́kajú fẹ́ kí ènìyàn dé lágogo kan náà lójoojúmọ́ fún oṣù gbọọrọ. Ta ni àyípadà yẹn ni lára jù, àwọn obìnrin náà ni àbí tàǹtí fúnra wọn? Èmi fura sí tàǹtí. Kí ni wọ́n yí padà lẹ́yìn tí ẹni kẹwàá lọ? Bó bá jẹ́ pé wọ́n yí nǹkan kan padà, bó ti wù kó kéré, ibẹ̀ gan-an ni wàá ti rí i bí wọ́n ṣe ń darí àyípadà. Bí wọn ò bá yí nǹkankan, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

Bí o bá fẹ́ ẹlòmíràn tí ìtàn rẹ̀ wà ní gbangba láti fi wé wọn, wọ zémì, ọ̀kadà, lọ sí Songhai, oko tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀, ní Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ níbí. Àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, ti ẹgbẹ́ Dominican, tó ń kọ́ni ní California, ló dá a sílẹ̀ ní 1985, lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan tí ìjọba Kérékou, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, fún un. Bí ìtàn ìyanu ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Ìwọ béèrè bí oníṣẹ́: Bẹ̀nẹ̀ ọdún 1985 wà lábẹ́ ìlànà Marx, kí ló fà á tí irú ìjọba bẹ́ẹ̀ fi fún àlùfáà nílẹ̀? Lójú tèmi, ilẹ̀ náà kéré, kò dára, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá oko níbẹ̀. Fífún un kò ná ìjọba ní nǹkankan. Nzamujo sì gba kékeré náà, kò dúró de ńlá. Ó ní ibi tó lè fi hàn pé ìgbẹ́ ẹran lè di gáàsì ìdáná, pé ìdọ̀tí lè bí ìdin tí ẹja máa jẹ, kí ẹni tó ń kọjá lọ dúró wò ó. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n lè fojú rí kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tó bá tún padà wá tọrọ ilẹ̀. Wò ó bóyá tàǹtí ní irú kékeré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn ènìyàn, àbí orí ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kù ìdúnàádúrà. O kọ ọ́ pé tàǹtí "kì í gbà fún oníbàárà". Ẹni tí kì í gbà kì í dúnàádúrà, ó kàn ń kọ̀ ni. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú mi rí ní Sàbẹ́ fún ọ, lọ́dún mélòó kan kí òfin tó dé, nílé ìyá oníkajú kan tí mi ò ní dárúkọ.

Oṣù kẹta ni, oòrùn mú, àwọn àpáta tó yí ìlú ká ń gbóná bí àdògán. Òǹrajà ti Kútọnù dé, òun àti ọmọkùnrin kan tó gbé àpótí kékeré dání: ìwọ̀n, ọ̀bẹ ìlakajú, kálámù. Wọ́n bu kílò kan nínú ọjà, wọ́n là á ní méjìméjì, wọ́n ṣa èyí tó rà àti èyí tó ṣófo kúrò. Ọmọ inú rẹ̀ tó dára wọn gíráàmù 250. Ọmọkùnrin náà tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, "KOR 44." Ìwọ mọ KOR, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn yòókù: iye pọ́n-ùn ọmọ kajú tó máa jáde nínú àpò kílò 80 ni. Pọ́n-ùn kan ṣoṣo tó bá dín, owó dín.

Ìyá náà ò pariwo, wọn ò sì búra. Wọ́n ní kí wọ́n fún ọmọkùnrin náà lómi tútù. Wọ́n wá béèrè, ohùn wọn ò yí padà, pé, "Àpò wo lẹ ti bù ú?" Ọmọkùnrin náà nawọ́ sí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Òjò pa àwọn yẹn láàná. Ẹ̀yin ẹ mú àpò márùn-ún tó bá wù yín, èmi náà á mú márùn-ún, ká bù ú, ká pò ó pọ̀, ká tún un là." Kí wọ́n tó dáhùn, ọmọ wọn obìnrin ti gbé ìwọ̀n kan jáde láti inú yàrá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àlejò, ìwọ̀n méjì lórí tábìlì kan. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Èyí tí wọ́n tún là jẹ́ gíráàmù 266, ó ku díẹ̀ kí ó pé 47.

Gíráàmù mẹ́rìndínlógún, ó jọ ohun yẹpẹrẹ. Nínú ọkọ̀ tó gbé tọ́ọ̀nù 30, kílò 480 ọmọ kajú ni.

Èyí tó wá tẹ̀lé e ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Ìyá náà ní, "Mo gbà kí ẹ kọ 46, bí owó bá wọ àpò mi kí ọkọ̀ tó gbéra." Òǹrajà ronú, ó tẹ fóònù, ó gbà. Ká ní ìwọ lo wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò rẹ, wàá kọ ọ́ pé ìyá náà juwọ́ sílẹ̀ lórí pọ́n-ùn kan. Ohun tí ìwọ ò ní mọ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òǹrajà ọdún tó ṣáájú fi jẹ wọ́n lówó, àti pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà ni owó tí wọ́n yá máa pé. Pọ́n-ùn kan ni wọ́n fi ra ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n sì ti pe oníbàárà mìíràn ní Pàrakú lálẹ́ àná, wọ́n mọ iye tó máa san. Àlejò kò mọ èyí. Kò mọ ọ̀rọ̀ gbèsè náà pẹ̀lú, inú mi sì dùn pé kò mọ̀ ọ́n. Ìyá náà ní tiwọn rí i pé ọkọ̀ àjàgbé tí àlejò háyà ti wà níta láti òwúrọ̀, tó ń jẹ owó ojúmọ́.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, àbúrò mi: kí ni kálukú máa ṣe bí ọ̀rọ̀ bá fọ́, ta ni àkókò ń lé jù, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ àti kí ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Bí o kò bá mọ àwọn yìí, o ò tíì rí ìdúnàádúrà, o kàn gbọ́ iye tí wọ́n pè ni.

Mo tún fẹ́ kí o ro ohun kan tí mi ò rò pé tàǹtí máa fẹ́ràn. Nígbà tí wọ́n ń tà fún àjèjì, àwọn ni wọ́n ń la kajú wọn. Ní báyìí tí wọ́n ń fọ́ ọ fúnra wọn, àwọn ló ń ra, àwọn ló ń la kajú àgbẹ̀. Lọ jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kan, kí o má sọ̀rọ̀. Àpò wo ni wọ́n ti ń bù ú? Ìwọ̀n mélòó ló wà lórí tábìlì? Àgbẹ̀ rí nọ́ńbà tó jáde, àbí wọ́n kàn pè é fún un? Wàá mọ irú olùdásílẹ̀ tí o ń kọ nípa rẹ̀ níbẹ̀, ju ìgbà tí wọ́n bá ń sọ bí wọ́n ṣe borí òyìnbó lọ.

O béèrè lápá ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ pé ṣé kí o yọ orúkọ wọn. Yọ ọ́, àmọ́ má tan ara rẹ. Ibi ìfọ́kajú mélòó ló wà ní Sàbẹ́ tó jẹ́ ti obìnrin? Àtọmọdé àtàgbà ló máa mọ̀. Ọ̀nà tí èmi ń gbà ni pé mo máa ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí etí ẹni náà kí n tó tẹ̀ ẹ́: déètì, owó, ẹni tó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo máa kọ ọ̀rọ̀ tiwọn àti ọ̀rọ̀ ẹnì kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdájọ́ mi ni mi ò ní kà fún wọn, ìyẹn jẹ́ ti olùkọ́ rẹ. Kí o sì jẹ́ kí àṣìṣe wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Kì í dun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ bí ó bá rí i pé o gbọ́ ìdí òun.

Nínú ojú ewé 22 rẹ, fi ibi tí o ti sọ ti ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ tí wọ́n sì fi ọwọ́ fọ́ kajú mọ́jú sílẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn, o sì sọ ọ́ dáadáa. Ìyókù, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oṣù kejì ni kajú tún máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọwọ́ gbogbo wọn á dí, nítorí náà lọ kí mẹ́rin nínú àwọn obìnrin tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Mú ọṣẹ díẹ̀ dání fún wọn, fi ìwé ìbéèrè sílé. Sọ fún tàǹtí kí o tó lọ o, torí wọ́n á ti gbọ́ kí o tó délé.